Ìkíni ni mo kọ́kọ́ fi ń yẹ aláìsàn wò

Ọdún kejì tí mo di nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé ìyá àgbàlagbà kan wá sí wọ́ọ̀dù wa pẹ̀lú òtútù àyà. Mo fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há wọn ní ìka, ó gbé 95 jáde, mo kọ ọ́ sínú fáìlì, mo sì fẹ́ máa lọ. Màmá fà mí láṣọ pé, "Nọ́ọ̀sì, èémí mi ò délẹ̀." Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ohun tí ẹ̀rọ kà dára. Wọ́n wò mí títí. "Ṣé ẹ̀rọ ni ara rẹ̀ ò yá ni, àbí èmi?"

Ọ̀gá wa tó ń kọjá lọ gbọ́. Ó jókòó ti ibùsùn láìwo ẹ̀rọ rárá, ó di ọwọ́ Màmá mú, ó kí wọn, ó sì bi wọ́n léèrè èwo nínú àwọn ọmọ wọn ló ń tọ́jú wọn nílé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, àfi ìgbà tó sọ fún mi pé kí n kíyè sí i pé Màmá kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ kí wọ́n tó tún mí. A ka èémí wọn fún ìṣẹ́jú kan gbáko: 34, bẹ́ẹ̀ 12 sí 20 ló yẹ kí ti àgbàlagbà tó sinmi jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí dókítà fà ní ọrùn ọwọ́ wọn fi hàn pé ọ́síjìn wọn kéré gan-an sí ohun tí ẹ̀rọ kà.

Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 ló là mí lójú sí ohun tó lè fà á: ẹ̀rọ yìí máa ń kùnà láti rí àìtó ọ́síjìn lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju ti aláwọ̀ funfun lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú ìka kọjá, àwọ̀ ara sì lè da ìṣirò rẹ̀ rú. Ọwọ́ tútù àti ọ̀dà èékánná náà lè tàn án.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni kó ẹ̀rọ dànù; igbe rẹ̀ ti ta mí jí sí ẹni tí ǹ bá má tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń dún, ẹ sọ ìdí tó fi ń dún fún aláìsàn kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì, torí ẹni tí ẹ̀rọ ń ké lé lórí, tí nọ́ọ̀sì sì dákẹ́, yóò ti máa rò pé ikú dé. Ẹ kí aláìsàn kí ẹ tó wo òǹkà. Ẹ fi orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé kí i. Àdùkẹ́ tó rẹ́rìn-ín dáhùn lánàá, tó wá ń mirí lásán lónìí, ti sọ nǹkan fún yín.

Aláìsàn tó bá mọ̀ pé à ń ka èémí òun máa ń yí bó ṣe ń mí padà. Nítorí náà, mo máa ń di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó ń ka bí iṣan ṣe ń lù, èémí ni mo sì ń kà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ kí n tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀.