Ọlọ́run Dá Ohùn Ẹ̀gbọ́n Wa Padà: Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Àwa Òṣèré Àbújá

Ẹ bá wa gbé Ọlọ́run ga. Àwa òṣèré Yorùbá tí iṣẹ́ gbé wá sí Àbújá wá dúpẹ́ ní gbangba lórí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ní National Film Institute ní Jos, tí wọ́n sì ti ń ṣe ìyá ọkọ, olorì àti ìyálọ́jà nínú fíìmù àti lórí tẹlifíṣọ̀n kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ ojú kámẹ́rà. Ohùn wọn há, ó lọ pátápátá, ó sì ti padà láìfi abẹ kàn wọ́n. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó ń mú odi sọ̀rọ̀.

Ibi tí àìsàn náà ti wá kò ṣókùnkùn, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á sí iṣẹ́ ọ̀tá. Eré ẹkún àti eré ìjà ló fà á. Bí òṣèré bá ní igbe kan láti ké, àwọn tó ń ya fíìmù á kọ́kọ́ ya gbogbo yàrá pọ̀, wọ́n á wá sún mọ́ ojú rẹ̀, wọ́n á tún yà á láti ẹ̀yìn ẹnìkejì rẹ̀. Bí ariwo jẹnẹrétọ̀ bá wọlé, ẹ tún un ṣe nìyẹn. Igbe kan lè di mẹ́wàá kó tó dalẹ́. Ẹ wá fi ọyẹ́ Àbújá kún un, tó ń gbẹ ètè àti ọ̀fun láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, àti oúnjẹ ọ̀gànjọ́ tí wọ́n ń pín níbi tí a ti ń ya fíìmù: èèyàn jẹun tán, ó dùbúlẹ̀, omi kíkan inú ikùn gùn wá sókè, ó ń ta okùn ohùn, ìyẹn awẹ́ ẹran méjì inú ọ̀fun tó ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde, lójú oorun. Okùn méjèèjì wú, wọ́n ń gbá ara wọn, kókó kéékèèké sì hù síbi tí wọ́n ti ń kanra.

Àmì kan wà tí òṣèré Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀: ohùn òkè ló ń kọ́kọ́ já. Ẹ̀gbọ́n wa ṣì ń sọ̀rọ̀ lásán dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń ki oríkì, ohùn òkè ò gùn mọ́, olùdarí sì rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Wọ́n jẹ orógbó, wọ́n mu ẹyin tútù, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́. Ohun tí a bá gbé mì, ọ̀nà oúnjẹ ló gbà; ọ̀nà èémí ni okùn ohùn wà.

Nígbà tó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin láti Idu ní Àbújá dé Rigasa ní Kàdúná, wọ́n lọ sí National Ear Care Centre níbẹ̀, ilé ìwòsàn etí, imú àti ọ̀fun. Dókítà ki kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú wọn, ó rí kókó náà, ó ní kí wọ́n dákẹ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pàápàá kò gbọdọ̀ jáde, nítorí ó lè fún okùn náà pọ̀. Kí wọ́n má wúkọ́ fọ ọ̀fun, kí wọ́n kàn gbé omi mì. Kí wọ́n bo orí mọ́ abọ́ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìsí róòbù nínú rẹ̀. Kí oúnjẹ alẹ́ fi wákàtí mẹ́ta ṣáájú oorun.

Àlejò ló fẹ́ ba ìdákẹ́ yẹn jẹ́. Ẹni tó ṣàdúrà ń retí àmín, ọmọdé kúnlẹ̀ kò gbọ́ ìdáhùn, àwọn kan sì ń sọ pé ìgbéraga ni. Ẹ̀gbọ́n wa ń fi orí dáhùn, wọn ò bínú. Ìfaradà yẹn, iṣẹ́ Ọlọ́run ni.

Lẹ́yìn náà ni sítúrọ́ọ̀ tí a fi ń fa mínírà: wọ́n á ki ẹnu rẹ̀ bọ omi ife kan díẹ̀, wọ́n á fi fọn ohùn, omi á máa hó, ohùn á máa gòkè sọ̀kalẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà mélòó kan lójúmọ́. Omi tó ń ti èémí padà kì í jẹ́ kí okùn náà gbá ara wọn kíkan. Ìyẹn ló yọ́ kókó náà.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ya eré tí ẹ̀gbọ́n wa ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà. Wọn ò fi ohùn ẹlòmíràn sí wọn lẹ́nu, wọn ò gba ipò wọn fún ẹlòmíràn. Wọ́n sọ ìyá ọkọ tí ẹ̀gbọ́n wa ń ṣe di opó tó ń ṣọ̀fọ̀ láìfọhùn, ojú nìkan ni wọ́n ń yà. Nísinsìnyí tí ẹ̀gbọ́n wa ti padà sẹ́nu iṣẹ́, máíkì wà láyà wọn kí wọ́n má baà pariwo, ìran igbe ló ń kẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́, olùdarí kì í sì í gbà ju igbe mẹ́ta lọ.