Kòtò ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìn Kétu

Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo dúró létí kòtò tí wọ́n ti wa ilẹ̀ pupa fún títì, lẹ́yìn ìlú Kétu wa níbí. Àwọn ọmọkùnrin ń fi alùpùpù pọ́n gegele, eruku bò wọ́n. Ọmọ àbúrò mi wà láàárín wọn, kò dé àṣíborí. Bó ṣe ṣubú báyìí, àyà mi já. Mo sáré wọnú kòtò. Ọpẹ́ ni pé orúnkún nìkan ló bó.

"Ẹ má bínú, bàbá mi."

N kò lè nà án. Níbo ló tún fẹ́ ti gùn ún? Ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí wọ́n ti wa èédú tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣí fún irú eré yìí ní 2014, ẹni tó bá fẹ́ wọlé á gba ìwé àṣẹ. Mo ti bá baálé àdúgbò sọ ọ́ láàárọ̀ yìí.