Gbígbọ̀n afárá lábẹ́ ọkọ̀ ojú irin

Lánàá, bí èmi àti àbúrò mi ṣe dúró lórí afárá kékeré kan nítòsí Kàbà, típà tí ó kó yanrìn kọjá, gbígbọ̀n rẹ̀ sì gun ẹsẹ̀ wa dé orúnkún. Ó béèrè bí ti ọkọ̀ ojú irin asáré yóò ti rí. Mo ṣàlàyé pé afárá kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí ó fi ń gbọ̀n, ìyẹn iye ìgbà tí ó máa ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti pé bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra ní ìwọ̀n kan náà, gbígbọ̀n náà yóò máa le sí i. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 300 kìlómítà ní wákàtí kan, tí gígùn kọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mítà 25, ìtẹ̀ náà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Faransé, lórí ọ̀nà Paris sí Lyon, òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ irin tú lórí àwọn afárá kúkúrú nítorí èyí.