Ẹ fi ìrù ẹ̀ sílẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo submit tíísìsì mi lórí aláǹgbá kan tó ń jẹ́ Panamint alligator lizard, ọjọ́ kejì ẹ̀ lẹ̀yin àbúrò mi fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi láti òkè Panamint ní California, òkúta mẹ́ta ni mo kà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ yí sódì láti wá aláǹgbá yìí tẹ́ ẹ sì bá tiyín lọ, inú bí mi gan-an ni. Nǹkan mẹ́rin ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́, òkúta tẹ́ ẹ bá ṣí, ẹ dá a padà bẹ́ ẹ ṣe bá a. Ilé onílé ni.

Ìkejì, ẹ má wá Panamint alligator lizard ní gbangba aṣálẹ̀, ẹ máa wá a nínú àfonífojì tí omi ti ń sun, níbi tí òkúta ti wó jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi willow. Agbègbè Inyo àti Mono ní California nìkan ló wà ní gbogbo ayé, 1958 ni Robert Stebbins, onímọ̀ nípa ẹranko, ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lórúkọ, torí ó mọ ara pa mọ́ jù.

Ìkẹta, ìrù. Háà. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi rìn láìrí ẹyọ kan, orúnkún mi ti bó, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá rí i lábẹ́ àjàrà igbó, ìlà dúdú yí i ká látọrùn dé ìdí ìrù, ó ń wò mí. Ara mi ò gbà á mọ́, mo bẹ́ mọ́ ọn, ìrù ni mo gbá mú, ìrù sì já. Ó ń jà lọ́wọ́ mi bí ekòló, mo dúró tí mò ń wò ó, kí n tó gbójú sókè aláǹgbá ti wọlé sínú òkúta. Inú ìrù yẹn ló sì ń tọ́jú ọ̀rá ara ẹ̀ sí o! Òmíì á hù, àmọ́ kì í gùn tó ti àkọ́kọ́.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi bú mi níwájú gbogbo ẹgbẹ́, inú mi ò tíì yọ́ sí i dòní, torí kò fìgbà kankan kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú un. Ìkẹrin nìyẹn, èmi á kọ́ yín: ẹ rọra dì í mú léjìká, kẹ́ ẹ fọwọ́ kejì gbé ikùn ẹ̀ kó má fì dirodiro. Ó máa gé yín jẹ, ẹ jẹ́ kó gé yín jẹ, kò lóró.

Mo fi ìrù yẹn sínú ẹ́tánọ̀, ọtí tí kì í jẹ́ kó jẹrà, a rí DNA yọ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú tébù tíísìsì mi, níbi tó yẹ kí gígùn ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀, akọ tàbí abo wà, dáàṣì mẹ́ta ló wà níbẹ̀.