Windows 7 tí ó kọ àtúnṣe: ẹ ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan fáìlì kankan

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo ń ṣe ní Abẹ́òkúta, mo ṣì ń bá Windows 7 pàdé lemọ́lemọ́, pàápàá ní àwọn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní Pánsẹ́kẹ́ àti Òkè-Ìlẹ̀wó. Àwọn tí wọ́n ń lò ó kò ṣàìmọ̀ pé ó ti gbó. Ohun tí ó dè wọ́n mọ́ ọn ni skánà tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fi owó gidi rà, tí kò sì bá Windows tuntun ṣiṣẹ́. Oṣù Kẹwàá ọdún 2009 ni Microsoft gbé Windows 7 jáde, ó sì dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ (update) dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020. Ẹni tí ó bá tún un fi sórí ẹ̀rọ lónìí láti inú àwo àtijọ́ yóò rí i pé ó lè máa wá àtúnṣe láti àárọ̀ di alẹ́, ó sì lè gbà á tán kí ó tún dá gbogbo rẹ̀ padà nígbà tí a bá tan án.

Bí àtúnṣe bá kọ̀ láti wọlé, kì í sábà jẹ́ pé fáìlì Windows kan ni ó bàjẹ́. Bí a ṣe to àwọn àtúnṣe náà tẹ̀ léra ni kò tọ́. Síbẹ̀ mo ń rí àwọn tí ń sáré lọ wa fáìlì .dll, irú èyí tí Windows fi ń ṣiṣẹ́, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, tí wọ́n á sì fi ipá fi rọ́pò èyí tí ó wà nínú System32, fódà Windows fúnra rẹ̀. Mo lòdì sí i pátápátá. Windows ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn fáìlì rẹ̀ sínú fódà tí ń jẹ́ WinSxS, ó sì mọ ẹ̀dà tí ó yẹ kí ó wà níbi kọ̀ọ̀kan. Fáìlì tí kò bá ìyẹn mu yóò mú kí àtúnṣe tí ń bọ̀ lẹ́yìn tún kọ̀, ká tilẹ̀ má sọ ti ohun burúkú tí ẹnì kan lè ti kì bọ inú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kan tí mo ṣe ní Pánsẹ́kẹ́ láìpẹ́ yìí ni n ó fi ṣàlàyé. Ìyá tí ó ni ìsọ̀ náà ní, “Bọ̀dá, wọ́n ní kí n lọ ra òmíràn. Bí mo bá ra òmíràn, skánà mi wá ńkọ́?” Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀.” Mo tẹ winver, àṣẹ tí ń sọ ẹ̀dà Windows, ó sì fi 7601 hàn, èyí ni pé Service Pack 1, àkójọ àtúnṣe ńlá kan, ti wà lórí rẹ̀; ká ní 7600 ni mo rí, KB976932 ni ǹ bá kọ́kọ́ fi sí i (KB ni Microsoft fi ń ṣáájú nọ́ńbà àtúnṣe kọ̀ọ̀kan). Lẹ́yìn náà ni mo ṣí àkọsílẹ̀ àwọn àtúnṣe tí ó ti kùnà, mo sì bá nọ́ńbà 80092004 lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Nọ́ńbà yẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo ìtàn náà. Àtúnṣe kọ̀ọ̀kan tí Microsoft bá gbé jáde ní òǹtẹ̀ tí Windows fi ń mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti wá àti pé ẹnikẹ́ni kò yí i padà lójú ọ̀nà. Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní SHA-1 ni wọ́n fi ń ṣe òǹtẹ̀ náà fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2017 àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn gbangba pé fáìlì méjì tí kò jọra lè mú èsì SHA-1 kan ṣoṣo jáde, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ayédèrú ṣeé ṣe. Nígbà tí ó di ọdún 2019, Microsoft kó àtúnṣe Windows 7 bọ́ sórí SHA-2, ìṣirò tuntun tí ó lágbára ju ti àtijọ́ lọ. Windows 7 tí kò tíì mọ SHA-2 kò lè ka òǹtẹ̀ tuntun náà, nítorí náà ni yóò ṣe kọ àtúnṣe tí kò ní àbùkù kankan.

Àtúnṣe méjì ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn náà. KB4490628, tí ó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ń tún ẹ̀ka Windows tí ń gba àtúnṣe wọlé ṣe. KB4474419 ni ó ń kọ́ ọ ní SHA-2. Bí aládìrẹ Ìtòkú kì í ti aṣọ bọ aró kí ó tó so ó tán, bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí a máa kó àtúnṣe ìgbẹ̀yìn wọlé kí méjì yìí tó jókòó. Microsoft Update Catalog, ojú òpó Microsoft fún àtúnṣe, ni mo ti ń gbà wọ́n, lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, tí mo sì ń fi fláàṣì gbé wọn wá. Ẹ wò ó dáadáa bóyá x64 (bit 64) tàbí x86 (bit 32) ni ẹ̀rọ náà, torí pé bí ẹ bá ṣì í mú, Windows yóò kàn sọ pé àtúnṣe náà kò bá kọ̀ǹpútà yìí mu, ẹ ó sì rò pé fáìlì ni ó bàjẹ́.

Lórí ẹ̀rọ ìyá yìí, fáìlì kan sọnù lóòótọ́. Mo lo sfc /scannow, àṣẹ tí ń yẹ àwọn fáìlì Windows wò, ó ní òun rí ìbàjẹ́ tí òun kò lè tún ṣe tán. Láti orí Windows 8 lọ, àṣẹ DISM pẹ̀lú RestoreHealth ni à bá lò láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n DISM ti Windows 7 kò ní RestoreHealth. KB947821, irinṣẹ́ Microsoft tí ń yẹ àkọsílẹ̀ àtúnṣe wò, ni ó dípò rẹ̀. Ó tóbi, ó ń jẹ dátà, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó parí, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí ó ń fi sílẹ̀ nínú C:\Windows\Logs\CBS\CheckSUR.log tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni mo ti rí ìlà “CBS MUM Missing”, tí orúkọ àtúnṣe tí ọ̀rọ̀ kàn sì tẹ̀ lé e kedere. Fáìlì .mum ni ó ń ṣàpèjúwe àtúnṣe kan fún Windows. Bí ó bá sọnù, Windows kò lè mọ ohun tí ó ti wà lórí ẹ̀rọ. Mo gba àtúnṣe náà gan-an láti Catalog, mo fi àṣẹ expand tú u, mo mú .mum àti .cat rẹ̀ (èyí tí ó gbé òǹtẹ̀ rẹ̀), mo kó wọn sínú C:\Windows\Temp\CheckSUR\servicing\packages, mo sì tún KB947821 lò. Ó gba àwọn fáìlì náà, àkọsílẹ̀ náà sì mọ́. Àtọ̀dọ̀ Microsoft ni fáìlì yẹn, kì í ṣe àtọ̀dọ̀ ẹni àìmọ̀.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú gbogbo èyí, ẹ fi àṣẹ chkdsk yẹ hard disk wò, kí ẹ sì wo déètì tí kọ̀ǹpútà náà ń fi hàn, nítorí pé bí bátìrì kékeré inú rẹ̀ bá ti kú, tí ọjọ́ sì padà sí ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, íntánẹ́ẹ̀tì kò ní gbọ́ tirẹ̀.

Ti iná mọ̀nàmọ́ná ni ó ń dùn mí jù. Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí Windows ń to àwọn fáìlì rẹ̀, iṣẹ́ náà yóò dúró lágbede méjì, ẹ̀rọ náà sì lè máa tan, kí ó máa kú, kí ó tún máa tan. Mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe lórí kọ̀ǹpútà tí kò bá ní bátìrì tàbí inverter. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ fi àwo Windows 7 tan ẹ̀rọ náà, ẹ wọ Repair your computer, kí ẹ sì tẹ dism /image:C:\ /cleanup-image /revertpendingactions. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé C: ni Windows wà, nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ lè yípadà níbẹ̀.

Lẹ́yìn KB4490628 àti KB4474419, KB4534310, tí ó jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, wọlé láìjanpata. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà lè di dúdú lẹ́yìn rẹ̀ bí a bá fi í sí Stretch, èyí tí ń fa àwòrán kún ojú kọ̀ǹpútà; àbùkù tí ó wà nínú àtúnṣe náà gan-an nìyẹn, KB4539602 ni Microsoft sì fi tún un ṣe.

Skánà ń ṣiṣẹ́, àtúnṣe sì dúró. Síbẹ̀ mo sọ fún ìyá náà pé ìhò ààbò tí wọ́n bá rí lẹ́yìn àtúnṣe ìgbẹ̀yìn yóò wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí ń ti fáìlì pa kí ó lè gba owó, gba inú ìhò kan tí àtúnṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti oṣù Kẹta, orí Windows 7 ni ó sì ti ba nǹkan jẹ́ jù. Ìwé NIN àti èsì ìdánwò àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń gba inú ẹ̀rọ yìí kọjá. A jọ gbà pé kò ní wọ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, fláàṣì oníbàárà kankan kò sì ní wọ inú rẹ̀. Skánà nìkan ni yóò máa bá ṣiṣẹ́.