Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, A Tètè Rí I: Ẹ̀rí Mi Lórí Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ yin Olúwa! Ẹ bá mi gbé Jésù ga, Ẹni tó ń rí ohun tó pa mọ́ nínú ara. Àìsàn tí mo wá dúpẹ́ lé lórí lónìí, kò dùn mí rárá. Kò sí ibà, kò sí inú rírun. Mò ń lọ sí ìsọ̀ mi ní Gbági, mò ń tú aṣọ han oníbàárà. Àfi bó ṣe máa ń rẹ̀ mí lọ́sàn-án, mo sì ti gbà pé ọjọ́ orí ló fà á.

Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ìjọ wa tó yẹ̀ wá wò lẹ́yìn ìsìn. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ga díẹ̀, wọ́n ní kí n lọ sílé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé ara ẹ̀dọ̀ mi ò dá, ni wọ́n bá ní kí n lọ ṣe síkáànù. Ọmọkùnrin tó ṣe é fi nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ pa mí níkùn, ó ń fi ẹ̀rọ kékeré kan rìn lábẹ́ egungun ìhà mi lọ́tùn-ún. Ó yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ mi, ó ní: “Mà, kíndìnrín yín rèé, ó dúdú díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ yín ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ṣé ẹ rí bó ṣe funfun jù ú lọ? Ọ̀rá ni.”

Ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé mi jáde. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló pa aládùúgbò wa kan. Ikùn ẹ̀ wú, ojú ẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè. Èyí tó tún wá dùn mí ni ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ aráyé. Àwọn kan ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lọ́jà pé àbí ìyá yìí ń mutí níkọ̀kọ̀ ni? Èmi tí ọtí ò kan ètè mi rí! Oorun dá lójú mi.

Ọlọ́run wá gbé dókítà obìnrin kan dìde fún mi. Ọmọ tí mo lè bí ni, àmọ́ ó fi sùúrù là mí lóye. Ó ní ọtí lè fà á lóòótọ́, àmọ́ òun nìkan kọ́. Oúnjẹ àti ohun dídùn tó bá pọ̀ ju èyí tí ara rí lò lọ, ẹ̀dọ̀ lè sọ ọ́ di ọ̀rá. Bí èèyàn bá wá sanra níkùn, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì ń ga, ọ̀rá yẹn á máa kóra jọ síbẹ̀. Bí ọ̀rá bá ti ju ìdá 5 nínú 100 ẹ̀dọ̀ lọ, àìsàn dé nìyẹn.

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mí kanlẹ̀: ọ̀rá nìkan ló ṣì wà níbẹ̀. Lára àwọn kan, ọ̀rá yẹn máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ wú, wíwú yẹn á dá àpá sí i, àpá á máa pọ̀ títí ẹ̀dọ̀ á fi le gbagidi, jẹjẹrẹ sì lè tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ọdún ló sábà máa ń gbà, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń dé ibẹ̀. Ó fi ọjọ́ orí mi àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ìṣirò, ó ní kò jọ pé àpá ti wà lára tèmi. Ó tún wò mí fún hepatitis B àti C, ìyẹn àwọn àrùn tí kòkòrò ń dá sí ẹ̀dọ̀. Kò sí. Ògo ni fún Ọlọ́run!

Mo béèrè oògùn. Ó ní resmetirom tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹta ọdún 2024, àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti ní àpá ló wà fún. Tèmi, kí n dín ara kù ni. Tí ìwọ̀n mi bá fi ìdá 5 nínú 100 wálẹ̀, ọ̀rá á máa kúrò. Bó bá tó 7 sí 10, ẹ̀dọ̀ tó ti ń wú pàápàá lè rọ̀. Kílò 92 ni mí nígbà yẹn.

Ẹ̀yin ìyá tó ń bi mí léèrè, mi ò pa àmàlà tì o! Ẹ̀fọ́ ló ń gba ìdajì abọ́ mi báyìí, àmàlà kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú ẹja. Mínírà àti mọ́ọ̀tì ò wọlé wa mọ́. Ọkọ mi ló ní tí mi ò bá ti ní mu ún, òun náà ò ní mu ún. Ọlọ́run á dá a sí fún mi. Mò ń fẹsẹ̀ rìn kíákíá, àròpọ̀ ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, inú ilé ni mo ti ń jó sí orin ìyìn.

Àwọn tó fẹ́ràn mi gbé àgbo wá pé á fọ ẹ̀dọ̀ mọ́. Mi ò bú àgbo, òun ni wọ́n fi tọ́ mi. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ló máa ṣiṣẹ́ lórí ohun tí a bá mu, èyí tí a ò sì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ lè ṣe é léṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mi ò mu ún.

Kílò 84 ni mí lónìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti pa dà sípò. Ní síkáànù tó kẹ́yìn, funfun yẹn ti wálẹ̀ gan-an. Halelúyà!

Mo ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò, torí ó lè pa dà bí mo bá tún sanra. Ẹ máa rántí mi nínú àdúrà. Àbúrò mi ọkùnrin tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń lọ ṣe tiẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ fi òun náà kún un. Ẹ̀yin akọrin, ẹ gbé orin ọpẹ́, èmi àtọkọ mi àtàwọn ọmọ fẹ́ jó wá síwájú.