Ẹ Bá Mi Dúpẹ́: Wọ́n Ní Mo Jẹ Ìjọba Ní ₦691,200

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú nílé lóko, ẹ bá mi gbé Olúwa ga. Ó lé ní oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi pè mí ní onígbèsè lórí owó tí n kò jẹ. Ìwé tó wẹ̀ mí mọ́ wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Abúlé kan lọ́nà Ògbèrè ni mo ti bẹ̀rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti fẹ̀yìntì ní September 2014, lẹ́yìn ọdún 35. Àwọn tó ṣiṣẹ́ láyé ìgbà tiwa mọ̀ pé bí o bá lo ọdún 35, tàbí o pé ọmọ 60 ọdún, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò dá ọ padà sílé. Ọmọ ọdún 55 ni mí lọ́jọ́ tí mo kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ orí yẹn sọ́kàn.

Ìbẹ̀rẹ̀ October 2022 ni lẹ́tà náà dé. N kò ní dárúkọ ọ́fíìsì tó kọ ọ́, torí ọpẹ́ ni mo wá dú. Wọ́n ní àwọn tún fáìlì mi yẹ̀ wò, àwọn rí i pé 1982 ni mo wọṣẹ́, pé ọdún 32 péré ni mo lò, pé owó tí mo ti ń gbà ti pọ̀ ju ẹ̀tọ́ mi lọ. Kí n dá ₦691,200 padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò máa yọ ọ́ nínú pẹ́ńṣàn mi.

Orí ìdúró ni mo ti kà á. Mo jókòó, mo tún un kà. Ìkọ́kọrẹ́ tí mo gbé kaná jóná mọ́ ìdí ìkòkò, aládùúgbò mi ló wá sọ fún mi.

Owó náà pọ̀ lójú mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ló kó ìbànújẹ́ bá mi. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá jẹ gbèsè kì í lè gba ojúlé ẹni tó jẹ kọjá. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara mi. N ó jí lóru, n ó máa ka ọdún lórí ìka. Ṣé lóòótọ́ ni mo ti ń jẹ owó tí kì í ṣe tèmi láti ọdún mẹ́jọ? Ọkọ mi tó lè bá mi rántí ti lọ sọ́run. Ẹ̀rù yẹn, kí èèyàn máa ṣiyèméjì lórí ìgbésí ayé òun fúnra rẹ̀, ó burú ju àìlówó lọ.

Àwọn kan ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n bá mi dín in kù. Ọmọ mi ọkùnrin ní Èkó ní kí n fara balẹ̀, òun yóò máa san án díẹ̀díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní rárá. Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dínwó ti gbà pé òun jẹ. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ là á fún mi bí wọ́n ṣe ṣe ìṣirò náà.

Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti lo bàbá tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì. Wọ́n gba lẹ́tà náà, wọ́n mú bírò. Wọ́n ní nínú ìlànà àtijọ́ tí wọ́n fi san owó mi, ẹni tó lo ọdún 35 ń gba pẹ́ńṣàn ìdá 80 nínú 100 owó ọdún tó lò kẹ́yìn, gratuity rẹ̀, ìyẹn owó tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹni tó fẹ̀yìntì, á sì jẹ́ ìdá 300. Ọdún kan tó bá dín, pẹ́ńṣàn á fi ìdá 2 wálẹ̀, gratuity á fi 8. Bó bá jẹ́ ọdún 32, ó di 74 àti 276 nìyẹn. ₦960,000 ni owó ọdún kan mi nígbà tí mo kúrò. Pẹ́ńṣàn oṣù kan á wálẹ̀ láti ₦64,000 sí ₦59,200. Ìyàtọ̀ ₦4,800, lọ́nà oṣù 96, jẹ́ ₦460,800. Èyí tó kù, ₦230,400, orí gratuity ni. Bàbá fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, “Ìyá tíṣà, ìṣirò wọn pé o. Ọdún tí wọ́n gbé e lé ni kò pé.”

Ara mi fúyẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti mọ ohun tí mo ń wá.

1982 tí wọ́n rí ni ọdún tí wọ́n fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀, èyí tí a máa ń pè ní confirmation. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ ní 1979 kò sí nínú fáìlì mọ́. Nígbà tí wọ́n ń kó orúkọ wa sórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ mú lẹ́tà tó pẹ́ jù tó bá níbẹ̀. Ẹ̀dà tèmi ńkọ́? Inú àpótí pákó ni mo kó o sí, ikán sì ti sọ ọ́ di ìyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ dákun, ẹ ya fọ́tókọ́pì lẹ́tà àkọ́kọ́ yín lónìí, kí ẹ fún ọmọ yín kan mú dání.

A kọ̀wé padà. A bi wọ́n pé bí mo bá lo ọdún 32 péré, tí n kò sì tíì pé 60, kí ni wọ́n tẹ̀ lé tí wọ́n fi ní kí n fẹ̀yìntì ní 2014? A tún tọ́ka sí abala 210 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, tó ní wọn kò gbọdọ̀ dá ẹ̀tọ́ ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ dúró tàbí kí wọ́n yí i padà fún ìpalára rẹ̀, àfi níbi tí òfin bá ti yọ̀ǹda. A gba òǹtẹ̀ wọn sára ẹ̀dà tiwa. Èsì wọn ni pé kí n mú ẹ̀rí wá pé mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú 1982. Láti December, álẹ́ẹ̀tì mi di ₦44,200: wọ́n ti dín pẹ́ńṣàn kù, wọ́n tún ń yọ ₦15,000 lórí rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi nìkan mọ bí mo ṣe ná an.

Mo rántí ọ̀gá ilé-ìwé tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn. Wọ́n ní wọ́n ṣì wà láyé, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. February 2023 ni mo fẹ́ lọ, gbogbo yín ni ẹ sì mọ bí oṣù yẹn ṣe rí. Owó tuntun kò sí, owó àtijọ́ kò ṣe é ná, onímọ́tò kò gba tíránsífà. Mo lọ sí Òkè-Àjé, mo tò níwájú àwọn oní-POS títí oòrùn fi mú mi. Ìyá kan tó ń ta gàrí pè mí, Alhaja ni wọ́n, wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n ka ₦3,000 fún mi ní owó wẹ́wẹ́. “Ìyá tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ mi ní ABD. Ẹ máa lọ.” Ọlọ́run yóò san án fún wọn.

Bàbá ọ̀gá mi ti dàgbà gan-an, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ ohùn mi ni wọ́n fi dá mi mọ̀. Mo ro ẹjọ́ mi tán. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo kó gbogbo ìwé ilé-ìwé sínú àpótí onírin. Ikán kì í jẹ irin.”

Ọ̀sẹ̀ kejì mo wà lọ́nà Ògbèrè. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ báyìí, ọmọbìnrin kan tí kò mọ̀ mí rí, bọ́ bàtà rẹ̀, ó bá mi gun orí àga nínú sítọ́ọ̀. Abẹ́ àwọn bẹ́ńṣì tó ti kán la ti fa àpótí náà jáde. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí a ṣí time-book, ìwé tí àwa tíṣà máa ń kọ orúkọ àti aago tí a dé sí láràárọ̀. Mọ́ńdè, 17 September 1979. Orúkọ mi nígbà tí n kò tíì lọ́kọ, àti sáìnì mi pẹ̀lú ìlà gígùn tí mo máa ń fà sídìí rẹ̀ nígbà èwe. Gbogbo nǹkan padà sí mi lójú: bí mo ṣe gbé bẹ́ẹ̀dì mi dé abúlé náà, bó ṣe jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀, tí Olóyè Bísí Ọ̀nàbáńjọ di gómìnà wa. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku sítọ́ọ̀ yẹn, mo sunkún. Ọmọbìnrin yẹn bá mi kúnlẹ̀.

A ya fọ́tókọ́pì, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, bàbá ọ̀gá mi búra ní kóòtù pé ìwé àwọn ni. Mo kó o lọ. Ní April lẹ́tà dé: wọ́n gbà pé ọdún 35 ni mo lò, n kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀. Pẹ́ńṣàn mi padà sí bó ṣe wà. Ní June, nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀, ₦79,200 tí wọ́n ti yọ wọlé sí àkáǹtì mi. Mo dá owó aṣọ rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wa nínú rẹ̀, mo sì bá ẹgbẹ́ mi jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, mo gbórí sókè.

Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo kọ́kọ́ gbé lẹ́tà náà lọ. Mo kà á sí bàbá ọ̀gá mi létí. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní fọ́tókọ́pì time-book yẹn náà. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n fi ìka tọ ìlà náà títí wọ́n fi kan ibi tí mo kọ aago sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Mísì, aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. O tètè dé lọ́jọ́ yẹn.”